Ẹ wo déètì inú nóòtì ọmọ yín: ohun tí ojú mi rí ní JSS2

Èsì Junior WAEC ọmọ mi ti jáde, ó sì gba credit nínú Ìṣirò. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ni mò ń pariwo lé lórí, ṣebí credit ni, kì í ṣe A. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n pariwo. Ọmọ tí wọ́n kọ "Repeat" sí káàdì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní ìwé ò sí lórí ẹ̀, òun ni mò ń sọ. Mo fẹ́ rò ó kó tó tutù lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní JSS1 tàbí JSS2 báyìí, ohun kan náà ló ń bá gbogbo wa fínra.

Ẹ ṣáà mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan ṣoṣo ló ni ọmọ yín láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Bó bá pẹ́ dé, ó mọ̀. Bí inú bá ń run ún, ó mọ̀. Ọjọ́ tó bá wọ JSS1, ó di tíṣà mẹ́wàá, méjìlá: ti Ìṣirò, ti English, ti Basic Science, ti Business Studies, ti Civic, ti Home Economics, ti Agric, ti Yorùbá, ti ẹ̀kọ́ ìsìn. Agogo á dún, ẹnìkan á jáde, ẹlòmíràn á wọlé. Kò sẹ́ni tó ń rí ọmọ náà lódindi mọ́. Kálukú ń rí i fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, àárín ọmọ bí àádọ́rin ló sì ti ń rí i.

JSS1 lọ bó ṣe lọ, àárín kíláàsì ni Àkànní ọmọ mi wà. JSS2 ni nǹkan dojú rú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín káàdì ní òpin táámù kẹta, wọ́n ní kí àwa òbí ọmọ tó máa tún kíláàsì ṣe wá sí ọ́fíìsì kan lókè. A jókòó sórí àga onírọ́bà, àwọn ọmọ dúró sẹ́yìn wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè wá, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ọ̀hún kéré, kò sí ohun tí wọ́n sọ fún ẹnìkan tí àwa yòókù ò gbọ́. Nígbà tó kàn mí, tíṣà tó wà nídìí tábìlì ti káàdì síwájú mi, ó fi ìdí báírò tọ́ka sí i. English, 38. Basic Science, 34. Ìṣirò, 19. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà méjì sábẹ́ 19 náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà.

Ó ní, "Màmá, ọmọ yín kì í ṣe ìpátá o. Kì í jà, kì í yájú sí àgbà. Ṣùgbọ́n ìwé ò sí lórí ẹ̀. Ẹ wá nǹkan tó máa fọwọ́ ṣe fún un. Ṣebí aránṣọ ni yín? Ẹ kúkú mú un sọ́dọ̀ ara yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí tí ọmọ tiwọn náà fìdí rẹmi ni o!

Iṣẹ́ aránṣọ tí mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta ló fi bú mi yẹn. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí tí mo rí nígbà tí mo yíjú wẹ̀yìn. Àkànní dorí kodò, ó ń fi èékánná họ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tó ti yi lábẹ́ ìka. Bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń mi orí. Ó gbà fún un! Ọmọ ọdún méjìlá gbà láàárín èrò pé ìwé ò sí lórí òun.

Mo ní, "A dúpẹ́ mà," mo gba káàdì, a sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu nínú wa títí a fi délé. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá wọn ní kí n jẹ́ kó tún un ṣe, pé òun náà tún Form Two ṣe, òun kò kú. Mi ò dá a lóhùn. Wọ́n á ní mò ń gbèjà ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbèjà rẹ̀. Bí èmi ò bá gbèjà rẹ̀, ta ni kó wá gbà á?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fa nóòtì Ìṣirò rẹ̀ jáde. Ìwé náà mọ́, ó ti fi bébà dì í lẹ́yìn, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dáa. Mo ń ṣí i lọ. Lápá ọ̀tún lókè, níbi tí wọ́n máa ń kọ déètì sí, mo rí 28/9/2023. Mo ṣí i, 5/10. Mo tún ṣí i, 12/10. Mo bá gbé kàlẹ́ńdà. Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo wọn! Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ títí ìwé fi parí. Ojú ìwé kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti "Example 4". Kò sí 1, kò sí 2, kò sí 3.

Táìmùtébù wà lẹ́yìn ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi rúlà fa ìlà rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, Ìṣirò ni píríọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni Ìṣirò bọ́ sí ẹ̀yìn bíréèkì.

Mo jí i. Mo ní, "Àkànní, níbo lo máa ń wà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé?"

Ó ní, "Mo máa ń gé koríko, mà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀. Ojóò n'Ìbàdàn là ń gbé, àárín ìgboro ni iléèwé wà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lọmọ mi ń kúrò nílé, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé mi ò tètè jí i. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibùdókọ̀, àwọn Micra tó ń ṣe takisí kì í gbé e. Ààbọ̀ owó lọmọ iléèwé ń san, awakọ̀ tó bá ti rí yunifọ́ọ̀mù á tẹ iná mọ́tò ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 tí owó ọkọ̀ sì lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i. Mo mọ̀ pé wọ́n fagi lé owó 3,000 náírà tí a máa ń san níléèwé ìjọba ní Ọ̀yọ́ láti 2019, a dúpẹ́, ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Láti Ojóò dé ẹnu géètì kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ á dúró títí, á dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n á kó gbogbo àwọn tó pẹ́ dé lọ sẹ́yìn pápá, wọ́n á fún wọn ládàá. Ìgbà tí píríọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ bá parí ni wọ́n á tó tú wọn sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tó yi yẹn, ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Agric ni.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń fi Ìṣirò àti English sí àárọ̀, torí pé orí ọmọ ṣì fúyẹ́ nígbà yẹn. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ń pẹ́ dé, iṣẹ́ méjèèjì tó ṣe pàtàkì jù náà gan-an ló ń pàdánù. Ìgbà tí tíṣà kíláàsì bá sì máa fi mààkì sí régísítà, ó ti wọlé, ó ti fọwọ́ nù, ó ti jókòó. Níbi tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí ọmọ wá sí iléèwé lórí káàdì, tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Ìwé ní ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn pápá ló wà.

19 yẹn náà, ẹ tú u wò. 40 ni wọ́n ń fún tẹ́ẹ̀sì, àsáínmẹ́ǹtì àti nóòtì ní iléèwé wọn, 60 fún ìdánwò. Ó gba 2 nínú 40, ó gba 17 nínú 60. Àárọ̀ ni tíṣà máa ń ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀, òdo ni. Ẹni tó ń gé koríko lọ́wọ́ ni wọ́n fún lódo, wọ́n wá ní ìwé ò sí lórí ẹ̀!

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ wo déètì. Ẹ má wo bóyá ìwé mọ́ tàbí kò mọ́, ẹ má wo ìṣe tíṣà tó fi báírò pupa kọ "Good" sísàlẹ̀. Ẹ gbé táìmùtébù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé nóòtì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ka déètì. Ẹ kò nílò láti gbọ́ English, ẹ kò nílò láti mọ Ìṣirò. Èmi tí mò ń sọ yìí, Form Three ni mo ti dúró. Nọ́ńbà lásán ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ má sáré san owó lẹ́sọ̀n. Kọ́pà kan tó háyà yàrá sítòsí wa ló jókòó ti Àkànní, òun ló sì rí ibi tó ti já. Táámù àkọ́kọ́ JSS2 ni wọ́n ṣe directed numbers, àwọn nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, títú àkámọ́, factorisation, equation, kò sí èyí tí àmì yẹn ò sí nínú rẹ̀. Ó ń ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa títí yóò fi kan −3 − (−5), ibẹ̀ ni yóò ti kọ −8. Kọ́pà náà ní, "Àkànní, bí o bá jẹ gbèsè, tí wọ́n yọ gbèsè kúrò lọ́rùn ẹ, ṣé owó ẹ pọ̀ sí i ni àbí ó dín kù?" Ó ní ó pọ̀ sí i. "Kọ ọ́ sílẹ̀." Ó kọ 2. Ká ní olùkọ́ lẹ́sọ̀n ni mo sáré gbà, iṣẹ́ tuntun ló máa máa kọ́ ọ lórí ihò yẹn. Báwo ni kọ́pà ṣe wá mọ ibi tó ti máa wá ihò? Èmi ni mo fi déètì hàn án. Ẹ rí i, déètì náà la tún padà sí.

Ẹ̀kọ́ kẹta, kí ẹ máa mọ ohun tó ń mú ọmọ pẹ́. Mo mọ̀ pé ó jọ èyí tí mo ti sọ. Mo tún un sọ torí pé lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi kan, ó ní ọmọ tòun kì í pẹ́, régísítà pé. Mo ní kó lọ wo déètì. Ó padà wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. English tọmọ tiẹ̀, ojú ìwé bíi mélòó kan ló wà fún odindi táámù.

Ẹ má sọ pé mo kórìíra àwọn tíṣà o. Àádọ́rin ọmọ kì í ṣe eré, mi ò lè kó mẹ́wàá jọ sínú ṣọ́ọ̀bù mi kí ara mi balẹ̀. Èmi náà ò sì ní kí wọ́n má bá ẹni tó pẹ́ wí. Kí wọ́n gé koríko ní bíréèkì, kí wọ́n gé e lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ fún ọmọ JSS2 pé kó lọ kọ́ṣẹ́. Òfin UBE ti 2004 fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní jùníọ̀. Ta ló wá fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti dá a dúró ní ìkẹjọ? Tó bá parí, tó sì wù ú kó wá ránṣọ, máṣíìnì mi wà níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni.

Bó ṣe parí ò gùn. Mo kó nóòtì àti kàlẹ́ńdà, mo lọ bá ọ̀gá iléèwé gan-an, mi ò padà sí ọ́fíìsì òkè yẹn. Bàbá náà ṣí i wò fúnra rẹ̀, kò sọ púpọ̀, ó ní kó máa lọ sí JSS3 ká fi dán an wò, tó bá fìdí rẹmi ní táámù àkọ́kọ́ kó padà sẹ́yìn. Kò fìdí rẹmi. Kọ́pà ṣe tiẹ̀ títí ó fi kó aṣọ NYSC rẹ̀ délé, mo rán búbá àti ṣòkòtò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bá bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀, mò ń san owó àgbà lé Àkànní lórí, ó ń dé géètì kí wọ́n tó tì í. Ó kọ Junior WAEC, èsì sì ti jáde.

SS1 ló kàn báyìí. Mo ti bá bàbá oníkẹ̀kẹ́ náà sọ̀rọ̀ fún táámù tuntun, àyè ọmọ kan ṣì kù. Ẹni tó bá ń gbé apá Ojóò tọ́mọ rẹ̀ ń lọ sí ìgboro, kó wá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń gbéra. Owó àgbà ló ń gbà, kò sì ń dúró de ẹnikẹ́ni.