Asọ̀rọ̀mágbèsì Tó Ń Gbèsì: Ìrìnàjò Mi sí Xenia

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tó ń sọ. Nílé wa n'Ìbàdàn, àràárọ̀ ni bàbá mi máa ń bá akọ̀ròyìn inú rédíò jiyàn, akọ̀ròyìn ò sì dá wọn lóhùn rí. Rédíò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń gbèsì ní tiẹ̀. Ham radio ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yege ìdánwò, tí ìjọba fún ní láísẹ́ńsì àti àmì ìpè tirẹ̀, lè di máìkì mú kó ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbikíbi láyé, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, láìra káàdì ìpè. A ò gbọdọ̀ fi pawó o. Fàájì ni.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo gba láísẹ́ńsì tèmi ní Chicago. Ìbéèrè 35 ni, ẹni tó bá gba 26 ti yege, ìjọba á sì gba dọ́là 35. Láti 2007 ni wọn ò ti béèrè Morse, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti ìró gígùn dípò lẹ́tà, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo yege tán, mo ra rédíò kékeré aláfọwọ́mú, mo wá di agbọ́rọ̀máfèsì. Ohùn àwọn èèyàn á máa lọ, á máa bọ̀, ìka mi á wà lórí bọ́tìnì, n ò ní lè tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pe orúkọ mi tí wọ́n ní "kí lo wí?" ńkọ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbìyànjú, mo pe àmì ìpè mi, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà àwọn méjì tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Ó lè jẹ́ pé wọn ò gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo pa rédíò náà, mo jù ú sínú dúróà, ó sì lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n kọ́kọ́ lọ sí Hamvention, ìpàtẹ ọdọọdún àwọn aláfẹ́ ham radio, kí n tó tà á. Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ẹgbẹ́ Dayton Amateur Radio Association ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1952. Gbọ̀ngàn Hara Arena ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa ní 2016. Láti 2017, pápá ìpàtẹ àgbẹ̀ ní ìlú Xenia ni wọ́n ń lò. Èrò tó wá ní 2024 lé ní 35,000. Ìyàwó mi wò mí títí. "Ọ̀ọ́dúnrún máìlì nítorí rédíò? Kí ni fóònù ẹ ṣe?" N ò rí èsì fọ̀.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún ni mo gbéra. Òpópónà I-65 dé Indianapolis, I-70 wọ Ohio. Agogo mẹ́wàá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ẹni tuntun, mo sì wọlé lágogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi ń dùn. Mọ́kànlá ku márùn-ún ni tiwọn! Wákàtí kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi ní Indiana, nítorí aago Ohio fi wákàtí kan ṣáájú ti Chicago. Ẹ sì wò ó o, aago kan ṣoṣo, UTC, ni gbogbo aláfẹ́ rédíò ń lò káàkiri ayé nítorí irú ìṣìrò yìí gan-an. Ó wà lára ògiri mi nílé. Aago ọwọ́ ni mo wò.

Bí mo ṣe ya sọ́jà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Alábá l'Ékòó ti mọ ibẹ̀ dájì: bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, wáyà lọ́ mọ́ wáyà, rédíò tó dàgbà jù mí lọ, àwọn gílóòbù rédíò àtijọ́ tí ẹnì kan fi ìbọ̀sẹ̀ wé lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà fọ́. Àmì ìpè ni kálukú lẹ̀ mọ́ àyà. Èmi fi jákẹ́ẹ̀tì bo tèmi.

Bàbá kan tí wọn ò ní dín lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ń ta áńténà orí ọkọ̀, irú èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ní dọ́là 15. Mo ní mẹ́wàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á gba 12 tí mo bá lè pe àmì ìpè mi sókè. Mo pè é. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ò gbọ́ ọ rí lórí afẹ́fẹ́? Mo bá jẹ́wọ́.

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ wọn níbi tí rédíò àti bátìrì wà lórí tábìlì, wọ́n sì ń na òpó gígùn kan sókè, irú èyí tí àwọn akunlé fi ń kun àjà, wáyà so mọ́ orí rẹ̀. Oparun ẹ̀yìnkùlé wa ló wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n mi ń yí áńténà tẹlifíṣọ̀n, èmi lẹ́nu fèrèsé: "Kò tíì mọ́! Dá a padà díẹ̀!"

Ìgbì mítà 10 ni wọ́n yí i sí. Láti 28.300 sí 28.500 megahertz, láísẹ́ńsì kékeré bíi tèmi náà lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 11 síra wọn ni àmì dúdú máa ń pọ̀ lójú oòrùn. Àsìkò bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ òkè réré a dà bí àjà, ìgbì rédíò á lù ú bíi bọ́ọ̀lù, á sì já bọ́ sílẹ̀ onílẹ̀.

Mo pe CQ, ìyẹn "ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi, ẹ dá mi lóhùn", lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ti fẹ́ gbé máìkì sílẹ̀, Bàbá na ìka kan sókè: dúró. Nínú ariwo ṣááá yẹn, ohùn kan yọ, PY2 ló bẹ̀rẹ̀ àmì ìpè rẹ̀. Brazil! Ó ní 59 ni òun ń gbọ́ mi, ìyẹn ni pé kedere ni. Mo ní 59 lèmi náà ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tiẹ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní 73, ìyẹn "ó dàbọ̀" wọn, ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé wọn: 17:42 UTC.

Orí funfun ló pọ̀ jù nínú ọjà yẹn, kí n má purọ́. Ẹgbẹ́ mélòó kan ń ké pé fàájì yìí ń kú lọ, àwọn ọ̀dọ́ ò wá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá wá, tó pe àmì ìpè rẹ̀ tí wọn ò dá a lóhùn, dúróà ni rédíò rẹ̀ ń bọ̀. Àwọn tó ń jókòó ti ẹni tuntun bíi ti Bàbá yìí, Elmer ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo bi Bàbá bóyá ọmọ wọn ń ṣe é. Wọ́n ní rárá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ẹlòmíràn tó rí orúkọ mi fẹ́ mọ ìgbà tí mo máa lọ sílé, nítorí 5N, àmì Nàìjíríà, ṣọ̀wọ́n lórí afẹ́fẹ́. Mo ní ó di kí n gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ NCC ná.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi áńténà dọ́là 12 sórí ọkọ̀, mo yí rédíò sí 146.52 megahertz, níbi tí wọ́n ti máa ń ké síra wọn, mo forí lé ilé. Lẹ́bàá Lafayette, ẹnì kan ń pe CQ. Ó pè, ó tún pè. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo wo rédíò náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yẹ kó gbé e.

Mo tẹ bọ́tìnì. Awakọ̀ tírélà ni. Ó ní láti ìlú Lebanon, ti Indiana níbí, ni òun ti ń pè bọ̀. Ó béèrè orúkọ mi, mo ní Kúnlé.

"Kí lo wí?"

Mo pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pè é lórí rédíò: Kilo, Uniform, November, Lima, Echo. Ó pè é bí ẹni pe orúkọ ẹja. Mo ní ó sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ kọ́ rédíò la ń sọ dé Rensselaer, níbi tó ti yà lọ ra epo.