Bí a ṣe ń gba ìtàn ogun lẹ́nu ẹni tó bá a lọ́mọdé

"Ó le kú, ìjà Orè!" Ta ni kì í sọ ọ́ nínú wa? Ìdánwò le, a ó sọ ọ́. Oúnjẹ gbówó lórí, a ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Orè tí à ń dárúkọ yìí, nísàlẹ̀ Oǹdó níbí ló wà, níbi tí mọ́tò Èkó àti ti Benin ti ń kọjá, ìjà náà sì ní ọjọ́ àti oṣù. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni, ọjọ́ 9 oṣù August 1967, tí àwọn ọmọ ogun Biafra, apá Ìlà-Oòrùn tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, sọdá odò Ọya wọ Mid-West, agbègbè tí Benin wà. Wọ́n gba Benin. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa títí wọ́n fi dé Orè, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 20 oṣù September, Benin ti padà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 lọ́dún náà, 1960 ni wọ́n bí i. Ó ṣì wà láàrin wa. Ó lè jẹ́ màmá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tàbí bàbá tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Oǹdó lálaalẹ́. Ìtàn ogun tó wà nínú ìwé, ti àwọn ọ̀gágun ló pọ̀ jù níbẹ̀: Gowon, Ojukwu, Adékúnlé, Ọbásanjọ́. Ohun tí ọmọdé rí kò sí níbẹ̀ tó, ó sì ń dùn wá, torí bí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ń lọ ni ìtàn náà ń bá wọn lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín la ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè gbà á sílẹ̀. Ó ní bí a ṣe ń ṣe é.

Àwọn kan máa ń ní kí ni ọmọdé lè rántí? Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 13 lọ. Ọdún 1837 ló kọ lẹ́tà tó fi ròyìn rẹ̀, ọdún 16 ti kọjá. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ dára láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́, pé nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni ariwo ta pé ọ̀tá ti dé. Ohun tí ọmọ máa ń rántí nìyẹn: ohun tó wà lórí iná, ibi tí oòrùn wà, ẹni tó gbé àbúrò pọ̀n. Ìdí tí ogun fi bẹ̀rẹ̀ kò yé e, ẹ má bi í. Ìkòkò ni kí ẹ bi í.

Ta ni kí ẹ lọ bá? Ẹni tí wọ́n bí láàrin 1955 sí 1963 ni ó dára jù. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 4 lọ́dún 1967, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ló pọ̀ jù nínú ohun tó máa sọ. Ẹ gbà á sílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "ó gbọ́ ni". Ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn dájú, èyí tó wà nínú ìwé wọn sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi wá iṣẹ́. Ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ wọn ti kan etí nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa Orè. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá tó sì kan etí òsì ni wọ́n ń gbà sí ilé ìwé, nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Ẹni tó bá ní "mo ti wà ní kíláàsì kejì" ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín láìmọ̀.

Ibi tó ti ń dàrú jù lọ rèé, ẹ fara balẹ̀ sí i. Ní agbègbè wa, iná mẹ́ta ló wà lórí ara wọn nínú ìrántí àwọn èèyàn, ẹni tó sì jẹ́ ọmọdé lè pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni Wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú tí wọ́n ti ń fi bẹntiróòlù sun ilé àti èèyàn, lẹ́yìn ìbò oṣù October 1965 títí di ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù January 1966. Èkejì ni ogun 1967 fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ìbò gómìnà oṣù August 1983, nígbà tí Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn gbóná lórí ọ̀rọ̀ Ajásin àti Ọmọ́bóríowó. Bí màmá bá ní "nígbà ogun, wọ́n sun ilé tó kọjú sí tiwa", ẹ má tíì kọ 1967 síbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó sun ún. Bó bá ní àwọn Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, ni, tàbí wọ́n torí Dẹ́mọ sun ún, tí bẹntiróòlù sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Wẹ́tìẹ̀ ni. Bó bá dárúkọ UPN, ẹgbẹ́ Ajásin, tàbí NPN, ẹgbẹ́ Ọmọ́bóríowó, 1983 ni, kò sì jẹ́ ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ti 1967, sójà àti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n máa ń sọ, àti àwọn àlejò tó ń rìn gba ojú ọ̀nà kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ tún béèrè ibi tí àkọ́bí wọn wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 ní 1967 kò lè tíì ní ọmọ nígbà náà; bó bá ti ní ọmọ, 1967 kọ́ ló ń sọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń fi ọdún hàn. Ní 1967, pọ́n-ùn, ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ la ń ná. Ọjọ́ 1 oṣù January 1973 ni náírà dé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò tíì sí, ọjọ́ 3 oṣù February 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Western State là ń jẹ́. Mọ́tò ń rìn lápá òsì títí di ọjọ́ 2 oṣù April 1972. Bí bàbá bá wá ní "sójà fún mi ní náírà kan", kò purọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló ti ṣẹ́ owó náà sí ti òde òní, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ẹ má tún un sọ fún un. Ẹ béèrè ohun tó fi owó náà rà. Bó bá ní búrẹ́dì tàbí gúgúrú, ẹ óò rí i pé tọ́rọ́ tàbí sísì ló ń wí. Owó tí wọ́n pààrọ̀ ní oṣù January 1968 náà dára láti béèrè, torí ọ̀pọ̀ ọmọdé rí ìdààmú àwọn òbí wọn nígbà tí owó bébà àtijọ́ kò níyì mọ́.

Ẹ lọ láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìsìn. Ìjókòó kan kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sáàárín, torí ohun tó dára jù máa ń padà wá sọ́kàn wọn lóru lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti lọ. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ gba ìyọ̀ǹda mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé kí a gbà á sílẹ̀? Ṣé kí a lo orúkọ yín? Ṣé ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó gbà fún ti àkọ́kọ́ lè máà gbà fún ti ẹ̀kẹta.

Ẹ pa ìpè orí fóònù. Ẹ gbé e lé orí aṣọ tí ẹ ṣẹ́ po, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu wọn. Bó bá wà lórí tábìlì lásán, ìgbàkígbà tí bàbá bá fọwọ́ lu tábìlì, ọ̀rọ̀ náà á sọnù. Ẹ pa fáànù. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń bo àmì ohùn mọ́lẹ̀, Yorùbá láìsí àmì ohùn kò sì ṣe é gbọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké tàbí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró. Bí fóònù yín bá lè gbà á ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, wákàtí kan máa gba nǹkan bí MB 320, ẹ rí i pé àyè wà. Gbólóhùn yín àkọ́kọ́ ni kí ó jẹ́ ọjọ́ òní, ìlú tí ẹ wà, àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ máa ń bá a dáhùn. "Màmá ti gbàgbé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé..." Ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fún ọmọ náà níṣẹ́: kó wá fọ́tò àtijọ́ lọ, kó wá omi tútù wá.

Ìbéèrè "báwo ni ogun ṣe rí?" ń mú ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rẹ́díò jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá. Ta ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ yín lórí ẹní? Ta ló sùn sí ẹnu ọ̀nà? Ẹ fún wọn ní bébà àti gègé kí wọ́n ya ilé náà, ibi ìdáná, kànga, ọ̀nà oko. Ìgbà tí ọwọ́ bá ń yà ni ẹnu máa ń sọ ohun tí kò ní sọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè ohun tí àwọn àgbà ní kí wọ́n má sọ níta. Lójú tiwa, ìbéèrè yìí ló ga jù, torí ọmọdé kì í mọ ogun bí ogun, òfin tuntun inú ilé ló fi ń mọ̀ ọ́n: má pariwo, má jìnnà, bí àlejò bá bi ọ́ ibi tí bàbá rẹ wà, sọ pé o kò mọ̀. Ẹ tún béèrè eré tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Ìlà-Oòrùn tó ń gbé àárín wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún nínú wọn, ogun tiwọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá. Níhìn-ín, ìró ogun àti àheso ló pọ̀ jù fún ọmọdé. Lọ́hùn-ún, ebi ni. Wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ pa, ilẹ̀ Biafra ń kéré sí i, àwọn ọmọ sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà. Àìsí amáradàgbà nínú oúnjẹ ló ń fa kwashiorkor: ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n á sì máa já, awọ á máa bó, ọmọ kò ní fẹ́ ṣeré, kò tiẹ̀ ní fẹ́ jẹun. Nítorí náà bí wọ́n bá ní "ikùn mi wú", ẹ béèrè ẹsẹ̀, torí aràn àti ibà náà ń mú ikùn wú. Bí ẹnìkan bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà tí ojú ibẹ̀ sì jìn, tí kò tètè padà, kwashiorkor ni wọ́n ń sọ. Ẹ béèrè iyọ̀, torí ó wọ́n gan-an. Ẹ béèrè okporoko, ẹja gbígbẹ líle tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ òkèèrè ń fi bàálù kó wọ Uli, pápákọ̀ òfuurufú Biafra, lóru pẹ̀lú wàrà oníyẹ̀fun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n kó lọ sí Gabon àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì dá padà lẹ́yìn tí ogun parí ní oṣù January 1970. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan nínú wọn, ẹ béèrè èdè tó ń sọ nígbà tó padà délé, àti bóyá ìyá rẹ̀ dá a mọ̀.

Ẹ má béèrè iye ọmọ ilé wọn tó kú. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́.

Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásọtúnsọ, tàbí tí ojú wọn kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́, ẹ pa fóònù. Ẹ má sọ pé "ó ti tán, ẹ gbàgbé ẹ̀". Wọn ò gbàgbé ẹ̀ láti ọdún yìí wá, ọ̀rọ̀ náà á sì dà bí ẹni pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ẹ kí wọn kú ìrọ́jú, ẹ bu omi fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ọmọ-ọmọ wọn, oko wọn, ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́, títí ọkàn wọn á fi padà sí òní. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan lọ́jọ́ náà. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wákàtí kan ohùn máa ń gbà tó wákàtí 6 sí 8 láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí bàbá Oǹdó bá ní "ulé", ẹ má sọ ọ́ di "ilé". Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹ ń pa rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú ilé ẹlòmíràn, nítorí olè àti iná. Ẹ má fi orúkọ wọn pe fáìlì náà, ọdún ìbí àti ìlú ni kí ẹ lò: 1960-Ondo-01.

Nígbà tó bá parí, ẹ padà lọ kà á sí wọn létí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ní kí ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò, lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ aládùúgbò tó júwe ilé ẹnìkan fún sójà. Àwọn ọmọ aládùúgbò yẹn lè ṣì wà ládùúgbò. Ẹ yọ ọ́ níṣojú wọn, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.