Òjò lókè, iyọ̀ lábẹ́: ìtọ́jú mọ́tò ní Ìjẹ̀bú àti ní Canada

Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù dé Winnipeg ní Canada, òkè ló máa ń gbójú sí bí ọ̀rọ̀ bá di ti mọ́tò. Kò jẹ̀bi. Nílé, àtòkè ni ìyà ti ń wá: oòrùn tó ń bó ọ̀dà orí mọ́tò, òjò oṣù kẹfà, ìgbẹ́ àdán, ewé igi fúrúùtù. Ní Canada, abẹ́ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ wò ni ikú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tilé. Ohun tó ń ba mọ́tò jẹ́ jù lásìkò òjò ní Ìjẹ̀bú kì í ṣe àgbàrá, ewé ni. Abẹ́ igi fúrúùtù tàbí igi máńgòrò là ń páàkì sí nítorí oòrùn, ewé á sì máa bọ́ sínú kòtò abẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí ẹsẹ̀ wáípà ti yọ jáde. Ihò wà nínú kòtò yẹn lọ́tùn-ún lósì, òun ni omi òjò ń gbà jáde sẹ́yìn táyà iwájú. Bí ewé bá dí i, omi á kún, á sì gba ibi tí AC ti ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú mọ́tò. Kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí: á rin gbindin, á sì máa rùn bí fùfú ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láìnídìí, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, àpótí fíùsì tàbí brain box kò jìnnà síbẹ̀. Ríwáyà á ní kí ẹ ra brain box tuntun. Ewé ni o.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ wáípà (sípánà 14 ló ń wọ ọ̀pọ̀ Toyota), ẹ yọ ike dúdú tó bo kòtò náà, kí ẹ sì fọwọ́ kó ewé inú rẹ̀. Ẹ má fi omi tì í, inú ihò náà ló máa há sí. Tó bá mọ́ tán, ẹ rọra da omi lítà kan sí i, kí ẹ wo ẹ̀yìn táyà: kò yẹ kó pẹ́ kó tó máa dà sílẹ̀. Mọ́tò tó ní fèrèsé lórí rúùfù ní ihò tirẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ife omi kan tó láti fi dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ ṣe é ní ìparí oṣù kejì kí òjò tó dé, kí ẹ tún un ṣe ní oṣù kẹjọ tí òjò bá sinmi díẹ̀.

Tapólì tí gbogbo èèyàn gbójú lé yìí, ọ̀tá ọ̀dà ni. Òjò á rọ̀ mọ́jú, oòrùn á là, ooru àti omi á ká mọ́ abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò. Nígbà ọyẹ́ ló tún burú jù, torí eruku pupa á ti bà sára mọ́tò kí wọ́n tó bò ó. Afẹ́fẹ́ á máa mi tapólì, eruku á sì máa ha ọ̀dà bíi sanpépà káfíńtà. Páànù tó gùn ní mítà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní mẹ́ta, tó dagun sẹ́yìn díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, sàn ju tapólì mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kò bá ní páànù, kó kùn wáàsì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kì í ṣe kìkì bí Ojúde Ọba bá ku ọ̀la. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti àdán kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú lára mọ́tò. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Ti àgbàrá kò gùn. Bí omi bá ti tó ìdajì táyà, ẹ yà padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má sítáàtì rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í jáde. Omi kò ṣe é tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́: tó bá ti wọ sìlíńdà, písítìnì á gbá a, kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó gbé písítìnì, á sì wọ́. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, mẹkáníìkì ló kàn.

Winnipeg wá ńkọ́? Òru oṣù kìíní tó bá le níbẹ̀ máa ń lọ sí −30°C. Omi kànga tí à ń rọ sí rédíétọ̀ nílé, bó bá di yìnyín, á wú ní ìdá 9 nínú 100, irin ẹ́ńjìnnì á sì sán. Kúláǹtì ni wọ́n ń lò, ìdajì rẹ̀, ìdajì omi tí wọ́n ti sè di oru tó tún padà di omi, tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Àbùlà yìí kì í dì títí dé nǹkan bíi −37°C. Ẹni tó bá rò pé aláìlábùlà ló máa lágbára jù ti ṣìnà: kúláǹtì tí wọn kò bu omi sí máa ń dì ní nǹkan bíi −13°C. Ẹ sì ṣọ́ra, ó dùn lẹ́nu bẹ́ẹ̀ májèlé ni, kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹnu ajá lè tó.

Ohun kan tó yẹ kí ará Ìjẹ̀bú gbà lọ́wọ́ wọn rèé. Àbùlà yẹn kì í tètè hó, ó ń kọjá 105°C kó tó hó, kì í sì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dógùn-ún. Gọ-sílóò Ṣágámù nílò rẹ̀ tó bí Winnipeg ṣe nílò rẹ̀.

Wọ́n tún ń gbé iná gba inú ẹ́ńjìnnì. Irin kan tó ń gbóná wà lára rẹ̀, tó ń jẹ iná bíi wáàtì 400 sí 1,000, wáyà rẹ̀ á yọ jáde níwájú mọ́tò. Ojú iná wà níwájú ibi ìpáàkì ọ̀pọ̀ ilé àwọn ayálégbé. Wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó jáde ti tó. Ìnáwó lásán ni kí ó wà lórí iná mọ́jú. (Bí ẹ bá rí irú wáyà bẹ́ẹ̀ lára tòkunbọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe mọ́tò oníná o. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kí fáànù má bàa ká a.) Ìyókù kò le: ọ́ìlì 0W-20 tó ṣì ń ṣàn nínú òtútù dípò 20W-50 tilé, omi wáípà tí wọ́n kọ −40 sí lára, táyà òtútù tí rọ́bà rẹ̀ kì í le gan-an. Ní Quebec, òfin ni táyà yẹn láti 1 oṣù Kejìlá sí 15 oṣù Kẹta. Afẹ́fẹ́ táyà ń dín ní nǹkan bíi 1 psi fún ìwọ̀n òtútù 6 tó bá fi kún un, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ kí mọ́tò tó rìn. Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì tó dì. Á là.

Iyọ̀ ni ọ̀ràn tó gba àròjinlẹ̀. Wọ́n ń da á sí títì kí yìnyín lè yọ́. Hóró rẹ̀ tó ẹ̀wà, kò jọ iyọ̀ ọbẹ̀ rárá. Bí òtútù bá kọjá −10°C, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí rèé tí Winnipeg fi ń da yanrìn púpọ̀. Toronto, tí òtútù rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ló ń rì sínú iyọ̀, mọ́tò ibẹ̀ sì máa ń jẹrà gan-an. Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀: mọ́tò tó dúró síta nínú òtútù kì í dógùn-ún tó èyí tí wọ́n ń gbé wọ gáréèjì olóoru lálaalẹ́. Nínú ooru ni yìnyín ti ń yọ́, omi iyọ̀ á wá rí àyè ṣiṣẹ́. Òrùlé tó jẹ́ ìdáàbòbò nílé wá di ohun tó ń yá ikú mọ́tò lára.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n fọ́n ọ́ìlì sí abẹ́ mọ́tò, inú ilẹ̀kùn àti abẹ́ ìlóro rẹ̀ ní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi omi fọ abẹ́ nígbàkigbà tí ojú ọjọ́ bá ròkè ju 0°C. Ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ náà. Kò gbọ́dọ̀ dí.

Mọ́tò wọ̀nyí náà wà láàárín tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde. Iyọ̀ wọn kò dúró sí Canada. Ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ni mọ́tò tó ń dán lókè fi lè máa jẹrà lọ lábẹ́ ní Ìpẹ́rù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti sikudíráfà, ẹ dọ̀bálẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Páìpù bíréèkì tó lọ sẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́, pàápàá níbi tí ike ti dè é mọ́ra, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ máa ń há sí. Lẹ́yìn náà, ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn jókòó lé, àti ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà dúdú tuntun kùn ún, ẹ fura, kí ẹ sì ha á díẹ̀. Pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò burú: ẹ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ fọ́n ọ́ìlì sí i, kí ẹ tún un ṣe kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n bí sikudíráfà bá wọ inú irin náà bí ìgbà tí ṣíbí bá wọ ẹ̀kọ, ẹ dìde, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ aṣọ yín, kí ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.