Kò kọ oògùn kankan fún wa

Àárọ̀ yìí ni mo mú àbúrò mi obìnrin lọ bá psychologue, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ní Àjàṣẹ́. Láti ìgbà tó ti sin ọmọ rẹ̀, oorun kì í kùn ún mọ́.

Mo rò pé abẹ́rẹ́ ni. Rárá o. Obìnrin psychologue náà ti ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ sọ ọ́ bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu." Àbúrò mi ò fọhùn. Ó ń ká etí ìró mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Obìnrin yẹn ò kánjú. Nígbà tó yá, àbúrò mi pe orúkọ ọmọ náà. Omi bọ́ lójú mi.

Oníṣègùn ọpọlọ ló máa ń kọ oògùn; ti àwọn psychologue ni kí wọ́n yẹ ìrònú àti ìṣesí wò, kí wọ́n bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ara á fi tù ú. Àṣé ọdún 1896 ni psychologue kan tó ń jẹ́ Lightner Witmer ti ṣí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà!

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé ẹ ti mú ẹnì kan lọ bá wọn rí?