"Bàbá, ìyàwó yín dà?"

Ilé ìwòsàn kan l'Óṣogbo, láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì pariwo láti ìdí tábìlì: "Bàbá, ìyàwó yín dà? Orúkọ ta la fẹ́ kọ sínú káàdì bí ẹni tó sún mọ́ yín jù?" Gbogbo èrò orí bẹ́ǹṣì yíjú. Bàbá tí mo sìn wá ti lé ní 70. Ọkùnrin lẹni tí wọ́n jọ gbé títí onítọ̀hún fi kú. Bàbá kàn ń fún fìlà mọ́wọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 182/104, ó ga. Ìbẹ̀rù nìkan lè gbé e sókè: ó yẹ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ká tó tún un wọ̀n. Ta ló ráyè? Ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ àdúgbò náà ṣe é kọ síbẹ̀, kò dìgbà ìyàwó. Abala 26 òfin ìlera Nàìjíríà ọdún 2014 sì ní ká pa àṣírí aláìsàn mọ́. Kí dókítà tó pè wọ́n, wọ́n ti gun ọ̀kadà lọ láìgba oògùn.