Ọdún Tí Wọ́n Dá Padà fún Wa, Owó Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé wa tí ẹ ń sáré, tí ẹ ń fò, tí ẹ ń ju ọ̀kọ̀ ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 2020, Ivy League, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdíje àwọn yunifásítì mẹ́jọ bíi Harvard àti Yale, kéde pé nítorí àrùn kòrónà, kò ní sí ìdíje eré ìdárayá kankan fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn títí ọdún 2020 yóò fi parí. Ọjọ́ kan náà ni Yunifásítì Stanford ní àwọn máa pa eré ìdárayá 11 rẹ́ lẹ́yìn ọdún ẹ̀kọ́ 2020 sí 2021. Ṣé ẹ ò gbàgbé oṣù Kẹta? Ivy League kan náà ló kọ́kọ́ wọ́gi lé ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tirẹ̀ lọ́jọ́ 10. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń kọ̀wé ẹ̀hónú, pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn nìkan. Nígbà tó fi máa di ọ̀túnla, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, tí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ yín sí ìpàdé lórí Zoom lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Mo fẹ́ kí ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Màá sọ ìbéèrè náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ díẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ìdíje eré sísá àti fífò inú gbọ̀ngàn ti NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, ní Division I tó jẹ́ ìpele tó ga jù, ní Albuquerque, ìpínlẹ̀ New Mexico, ni mo lọ. Ọjọ́ 13 àti 14, oṣù Kẹta ni wọ́n fi í sí. Ẹ mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe há tó: ẹni 16 péré ni wọ́n ń mú fún eré kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo Amẹ́ríkà. Láti ọdún àkọ́kọ́ mi ni mo ti máa ń wo àtẹ ipò yẹn lálẹ́ kí n tó sùn, orúkọ mi á wà nísàlẹ̀ rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Ọdún kẹrin mi rèé, mo wọlé. Ìlú náà wà lórí òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, àwa tá à ń fò jìnnà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ 11 ni nǹkan ti ń rí jágbajàgba. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti pe kòrónà ní àjàkálẹ̀ àrùn àgbáyé lọ́jọ́ yẹn, NCAA ti ní òǹwòran ò ní wọlé, kò pẹ́ sí i NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tàwọn tó ń gbá a gba owó, dá sáà tirẹ̀ dúró nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé Rudy Gobert, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, ti kó àrùn náà. Kóòṣì ní ká lọ sùn. Ta ló sùn?

Lọ́jọ́ kejì, a lọ dánra wò. Mo na tépù ìwọ̀n sílẹ̀, mo lẹ àmì ibi tí màá ti gbéra, mo sá a lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi bọ́ sórí pákó gẹ́lẹ́. Gẹ́lẹ́! Ẹni tó bá ń fò mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. Mo padà sẹ́yìn láti tún un sá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin Jàmáíkà kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri gbọ̀ngàn. Ẹnì kan figbe ta lápá ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá fò. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọkùnrin tó ń tẹ́ yanrìn fún wa kò tíì gbọ́ ní tirẹ̀. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo wo kóòṣì mi. Ilẹ̀ ni kóòṣì ń wò. Mo sá a. Mo fò. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí mo balẹ̀ sí.

Gbogbo ìdíje àṣekágbá ìgbà òtútù àti ti ìgbà ìrúwé ni NCAA wọ́gi lé lọ́jọ́ náà. March Madness, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti NCAA, tó jẹ́ pé láti ọdún 1939 ni wọ́n ti ń gbá tọkùnrin rẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí mọ́. Àní ti ìta gbangba tiwa, tó jẹ́ pé oṣù Kẹfà ló yẹ kó wáyé, wọ́n pa á mọ́ ọn. Màmá mi pè mí láti ilé lálẹ́. Wọ́n ti ń gbààwẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé o ti fò?” Mo ní, “Màámi, wọ́n ti wọ́gi lé e.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kí lo ṣe fún wọn?” Ẹkún tí mi ò tíì sun látàárọ̀ ló wá dé.

Kí ẹnikẹ́ni má kà mí mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n wọ́gi lé e o. Mo mọ ìdí. Àwa eléré àti kóòṣì láti ilé ẹ̀kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, nínú gbọ̀ngàn tó ní òrùlé, gbogbo wa ń mí hẹlẹ, lẹ́yìn náà ká tún wọ ọkọ̀ òfúrufú padà sí ilé ẹ̀kọ́ kálukú. Ẹni tí kò tíì rí àmì àìsàn kankan lára lè ti máa kó o ràn ẹlòmíì. Èèyàn ti kú. Mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni bí wọ́n ṣe tọ́jú wa lẹ́yìn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbéèrè tí mo sọ wà.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ìgbìmọ̀ Division I dìbò pé kí àwọn eléré ìgbà ìrúwé gba ọdún kan sí i láti fi díje fún ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jó lórí fóònù. Èmi ka ìkéde náà títí dé ìsàlẹ̀. Àkọ́kọ́, eré ìgbà òtútù ni wọ́n ka ti inú gbọ̀ngàn sí, wọn ò dá a padà. Ìyẹn ni pé Albuquerque ti lọ nìyẹn, ti ìta gbangba nìkan ni mo lè fò lọ́dún 2021. (Ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì pe gbogbo àwa tá a yege láti dé ibẹ̀ ní All-American, oyè tí wọ́n ń fún eléré tó ta yọ. Wọ́n ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi kú oríire lórí ìyẹn.) Èkejì ló ṣe pàtàkì: ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu iye sikọ́láṣípù tí ẹni tó yẹ kó ti parí máa gbà. Wọ́n lè fún un ní iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n lè dín in kù, wọ́n sì lè má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè náà rèé: “Èló ni, ta ló máa san án, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi?”

Kóòṣì pè mí pẹ̀lú ayọ̀. “Ọdún rẹ ti padà!” Mo ní, “Ẹ ṣé sà. Sikọ́láṣípù ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní àwọn á wo ohun tí àwọn lè ṣe, pé ọmọ ilé ni mí, pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo ní mo fọkàn balẹ̀ sà, àmọ́ ẹ bá mi fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Ó pẹ́ kí ímeèlì náà tó dé. Ìdajì ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, owó ò sí. Mílíọ̀nù 600 dọ́là ni NCAA fẹ́ pín fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, mílíọ̀nù 225 ló padà pín, torí March Madness ló ń bọ́ gbogbo ilé. Sikọ́láṣípù 18 sì ni òfin gbà lọ́dún 2020 fún ẹgbẹ́ eré sísá obìnrin ní Division I, wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ pín fún gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì fún ọmọ Amẹ́ríkà kì í ṣe ìdajì fún wa. Òun lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àwa ò lè yá a. Òun lè lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn kíláàsì, àwa tá a wà lórí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ la ti lè ṣiṣẹ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, ọgbà ọ̀hún náà sì ti wà ní títì nígbà yẹn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ojúkòkòrò ń dà mí láàmú, pé ẹlòmíì ń kú, èmi ń bèèrè owó. Kò burú. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ilé òbí tí wọ́n lè wakọ̀ lọ. Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfúrufú nígbà yẹn.

Mo fi orúkọ sí portal, ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún eléré tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, mo kọ̀wé sí àwọn kóòṣì míì, ilé ẹ̀kọ́ kan gbà mí fún másítà, owó ilé àti owó ẹ̀kọ́ pé, mo ti fọwọ́ sí i. Oṣù Kẹjọ ni mò ń lọ. Ìyẹn náà ti tó.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú rẹ̀ ni ètò tí mo fi ṣe é. Ẹ má fi orúkọ sí portal kẹ́ ẹ tó rí ímeèlì yẹn gbà, torí tẹ́ ẹ bá ti wọ ibẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba sikọ́láṣípù yín padà ní ìparí sáà. Ẹ gba ímeèlì ná.

Ti físà: tẹ́ ẹ bá ti parí dìgírì, ọjọ́ 60 lẹ ní láti gba I-20 tuntun, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí fún físà yín, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ ilé. Ọdún eré ìdárayá tí NCAA fún yín kò kan àwọn aṣọ́bodè. Ẹ rí i lọ́jọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2020, bí ìjọba ṣe ní ẹni tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dúró sí Amẹ́ríkà. Wọ́n yí i padà lọ́jọ́ 14, àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ má bi kóòṣì nípa físà. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìdánrawò ńkọ́? Ẹ ṣe èyí tẹ́ ẹ bá rí ṣe. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo ni mo ti ń sáré.

Tí ímeèlì náà bá dé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ wò ó bóyá “up to” (kò ní ju iye yìí lọ) wà níwájú iye owó náà, tàbí “pending budget approval” (ó dìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ètò ìṣúná) wà níparí rẹ̀. Tí ọ̀kankan bá wà níbẹ̀, wọn ò tíì dá yín lóhùn. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tún bèèrè.