Àyẹ̀wò 2024 tèmi: ọdún tí ìjọba kò dúró ní Yúróòpù

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka àyẹ̀wò ọdún mi mọ̀ pé n kì í sọ iye owó tí mo rí tàbí ilẹ̀ tí mo rà. Òṣèlú àwọn òyìnbó tí mo wà láàárín wọn ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ni mo máa ń tú palẹ̀. Ti ọdún yìí sì pọ̀. Láti oṣù Keje títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, ti Faransé ṣubú, ti Jámánì fọ́. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, àwọn àgbà ló wí i, ohun tí mo sì ń rí nínú bí kálukú wọn ṣe ṣubú ni àpá ohun tó ti ṣe ìlú náà rí.

Ẹ jẹ́ ká mú tọ̀dọ̀ wa ná. Ní 22 oṣù Karùn-ún ni Rishi Sunak, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, jáde síwájú ilé ìjọba rẹ̀, Nọ́ńbà 10, láti kéde ìbò. Òjò ń rọ̀, kò sí agbòjò, kóòtù rẹ̀ rin gbindin. Ẹnìkan tún wà níta géètì tó ń fi ẹ̀rọ lu orin ìpolongo àtijọ́ ti Labour, ẹgbẹ́ alátakò, mọ́ ọn lórí. Gómìnà wo nílé wa ló máa duró sínú òjò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń gbé agbòjò fún un wà lẹ́yìn rẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n Leverkusen ní Dublin. Ẹ ti mọ èyí tá a sọ mọ́jú nílé wa.

A dìbò ní 4 oṣù Keje. Ọ̀pọ̀ ará wa ni kò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibí lọ́nà òfin lè dìbò, nítorí ọ̀rọ̀ Commonwealth. Mo mú páásì aláwọ̀ ewé mi lọ, wọ́n wò ó, wọ́n fún mi ní bébà kan. Pẹ́ńsù ni wọ́n ní kí n fi fàlà, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsù! Ẹni tó bá ti ti ìka bọ yíǹkì rí ní Mushin máa mọ bó ṣe ṣe mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sunak ti kó jáde, Keir Starmer, olórí Labour, ti wọlé. Labour kó ìjókòó tó lé ní 400 nínú 650, bẹ́ẹ̀ ìbò tí wọ́n rí kò ju nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ara tí kò ní àpá: láti 1689, tí ilé aṣòfin wọn ti dín agbára ọba kù, kò tíì sí rògbòdìyàn tó fipá mú wọn jókòó kọ òfin ìpìlẹ̀ ìlú sínú ìwé kan.

Faransé ní àpá tiẹ̀. Ààrẹ Macron tú ilé aṣòfin ká ní 9 oṣù Kẹfà, lálẹ́ tí ẹgbẹ́ Marine Le Pen na tiẹ̀ ní ìbò Yúróòpù. Ilé tuntun pín sọ́nà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ní ìdajì. Ó fi Michel Barnier ṣe olóòtú ìjọba ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí àbá ìṣúná ètò ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì kò lọ, Barnier yọ òfin 49.3 síta, èyí tó ń jẹ́ kí ìjọba sọ àbá di òfin láìdìbò, àfi tí àwọn aṣòfin bá dìbò lé ìjọba náà lọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 4 oṣù Kejìlá, aṣòfin 331, ti apá òsì àti ti Le Pen pa pọ̀, lé e lọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1962. Ẹ sì wò ó o, láàárín 1946 sí 1958, ìjọba tó lé ní ogún ló wọlé tó jáde ní Faransé. Nítorí ìyẹn ni Charles de Gaulle, olórí wọn nígbà náà, ṣe gbé òfin tó fún ìjọba lágbára kalẹ̀. Oògùn àìdúró ni 49.3, òun náà ló wá pa Barnier.

Ní 7 oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣí Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Paris tó jóná ní 2019. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n: bíṣọ́ọ̀bù àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, àwọn akọrin inú ilé dá a lóhùn. Barnier náà jókòó síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti lé.

Ti Jámánì ló jọ mí lójú jù. Olaf Scholz, olórí ìjọba wọn nígbà náà, lé mínísítà ìṣúná rẹ̀, Christian Lindner, ní 6 oṣù Kọkànlá nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè, ìjọba ẹgbẹ́ mẹ́ta bá fọ́. Scholz wá ní kí ilé dìbò bóyá wọ́n fọkàn tán òun, kí òun lè pàdánù. 207 ní bẹ́ẹ̀ ni, 394 ní rárá, ó sì rí ohun tó wá. Ilé wọn kò lè tú ara rẹ̀ ká. Wọn ò sì lè yọ olórí àfi tí wọ́n bá yan ẹlòmíì lójú ẹsẹ̀. Nígbà Weimar, ìyẹn ìjọba tó wà ṣáájú Hitler, àwọn aṣòfin mọ ìjọba wó, wọn ò mọ̀ ọ́n kọ́, àlàfo yẹn sì wà lára ohun tí Hitler bá wọlé. Ìdí nìyí tí òfin 1949 fi le bẹ́ẹ̀. Ìbò wọn bọ́ sí 23 oṣù Kejì 2025.

N kò ní fo ti Kemi Badenoch. Olukemi Adegoke ni orúkọ tí wọ́n bí i mọ́, Èkó ló dàgbà sí, ó sì di olórí ẹgbẹ́ Conservative, ẹgbẹ́ Sunak, ní 2 oṣù Kọkànlá. Àǹtí mi ní ọmọ wa ni. Àbúrò mi ní kò bá wa tan. Nígbà tí igbákejì ààrẹ Shettima ní ó lè yọ Kemi kúrò lórúkọ rẹ̀, tóun náà wá ní Yorùbá lòun ka ara òun sí ju Nàìjíríà lọ, WhatsApp ẹbí wa gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi ò ní dìbò fún un, ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ́tí nígbà tó bá dìde sí Starmer.

Ó ku Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n dìbò ní 9 oṣù Kẹfà, títí 2024 fi parí wọn ò tíì ní ìjọba tuntun. Ẹ má bá wọn káyà sókè: ní 2010 sí 2011, ọjọ́ 541 ni wọ́n lò láìní in, rélùwéè wọn sì ń rìn.